Páìlọ́ọ̀tì ní ẹ́ńjìnnì kú? Ẹ bi í pé irú ikú wo

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ àtúnṣe bàálù, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, wọn ò ní bi yín nínú ìdánwò láísẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n òun ló wúlò fún mi jù lẹ́nu iṣẹ́. Tí páìlọ́ọ̀tì bá kọ wàhálà kan sínú ìwé bàálù, ohun tójú ẹ̀ rí ló kọ, kì í ṣe ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì, àwa la máa lọ wá ìyẹn. Ìtàn ẹ́ńjìnnì Merlin ló là mí lójú sí i, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Lọ́dún 1940 tí Jámánì ń kó bàálù wá bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà lójú ọ̀run, bàálù ajagun Spitfire àti Hurricane ni Gẹ̀ẹ́sì gbójú lé, Merlin tí Rolls-Royce ṣe ló sì wà nínú àwọn méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì gidi ni o, sílíńdà 12, agbára ẹ̀ lé ní họsipáwà 1,000. Àmọ́ ó ní àrùn kan lára. Tí páìlọ́ọ̀tì bá ṣàdédé ti imú bàálù sísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì á húkọ́, á dákẹ́. Messerschmitt 109 tàwọn Jámánì ò ní wàhálà yẹn ní tiẹ̀ torí ṣe ni wọ́n ń fín epo tààrà sínú sílíńdà ẹ̀, kò lo kábúrétọ̀ bíi ti Merlin rárá, ìyẹn ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Torí náà bí ará Jámánì bá ti rí i pé Spitfire wà lẹ́yìn òun, á kàn ti imú sísàlẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Páìlọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ lé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí bàálù dojú délẹ̀ kó tó fà á wálẹ̀, kí epo má bàa kúrò nípò, ìgbà tó bá fi máa ṣe gbogbo ìyẹn tán ọ̀tá ti rìn jìnnà.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú kábúrétọ̀ yẹn? Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ rèé. Yàrá kékeré kan wà níbẹ̀ tí epo ń dúró sí, fúlótà, ìyẹn ohun tó ń léfòó lórí epo, wà nínú ẹ̀, tí epo bá ti kún, fúlótà á gòkè, á sì ti abẹ́rẹ́ dí ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé, bíi ti táǹkì omi orí ilé yín gẹ́lẹ́. Tí páìlọ́ọ̀tì bá wá ṣàdédé ti imú bàálù sísàlẹ̀ báyìí, epo á fò lọ lẹ̀ mọ́ òkè yàrá yẹn, ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa epo sì wà nísàlẹ̀, ló bá ń fa afẹ́fẹ́ lásán. Ẹ́ńjìnnì á húkọ́ díẹ̀. Ebi nìyẹn, kì í sì í pẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ló burú, torí fúlótà náà ti lọ sí òdìkejì ibi tó yẹ kó wà, abẹ́rẹ́ ti ṣí, ọ̀nà là gbayawu, pọ́ọ̀ǹpù sì ń ti epo wọlé láìdúró, kábúrétọ̀ á kún bámúbámú, epo á mu ẹ́ńjìnnì yó ju bó ṣe yẹ, èéfín dúdú á máa tú jáde, ó parí!

Ẹ rí i, ebi ló kọ́kọ́ mú un, àjẹkì ló padà pa á. Páìlọ́ọ̀tì tí wọ́n ń yìnbọn fún ò ráyè mọ ìyàtọ̀, ó ṣáà ní ẹ́ńjìnnì kú.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Beatrice Shilling, ẹnjiníà ní Royal Aircraft Establishment, ibùdó ìwádìí bàálù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Farnborough, ló yanjú ẹ̀. (Ẹ má fojú kéré obìnrin yìí o, ó ti gun alùpùpù Norton ju 100 máìlì ní wákàtí kan lọ ní pápá ìdíje Brooklands kí ogun tó dé.) Kò tún kábúrétọ̀ ṣe rárá. Nǹkan kékeré kan báyìí bíi wọ́ṣà tí wọ́n fi idẹ ṣe, tó nihò láàárín, ló fi sójú ọ̀nà epo kó tó dé kábúrétọ̀. Ó wọn ihò yẹn débi pé epo tó lè gbabẹ̀ kọjá ò lè ju èyí tí ẹ́ńjìnnì nílò nígbà tó bá ń fi gbogbo agbára ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọ̀nà ì báà là gbayawu, epo ò lè pọ̀ débi táá pa ẹ́ńjìnnì. Ebi ìṣáájú yẹn ṣì wà díẹ̀, àjẹkì ló kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó tún wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọn ò ní láti tú kábúrétọ̀ sílẹ̀, ibi tí bàálù wà ni wọ́n ti ń fi í sí i, òun fúnra ẹ̀ ń gun alùpùpù kiri ibùdó bàálù, nígbà tó fi máa di March 1941 wọ́n ti fi sára àwọn bàálù ajagun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn kan máa ń sọ pé àlẹ̀mọ́ lásán nìyẹn. Mi ò gbà jàre. Kábúrétọ̀ tó yanjú gbogbo ẹ̀ tán, èyí tí wọ́n ń fi agbára ti epo wọnú ẹ̀, 1943 ló tó dé ara Merlin, ṣé kí wọ́n máa kú títí dìgbà yẹn ni?

Àwọn Wright náà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ fi bàálù ẹlẹ́ńjìnnì fò, nírú ojú bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1901 bàálù wọn tí ò ní ẹ́ńjìnnì ò gbéra tó bí ìṣirò ṣe sọ, dípò kí wọ́n kàn fi kún ìyẹ́ ẹ̀, wọ́n kan àpótí kan tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn ní Dayton, wọ́n dán oríṣiríṣi ìyẹ́ kékeré wò nínú ẹ̀, wọ́n tún rí i pé nọ́ńbà 0.005 tí gbogbo ayé fi ń ṣírò agbára atẹ́gùn lára ìyẹ́ látọjọ́ pípẹ́ ti pọ̀ jù, nǹkan bíi 0.0033 ni. Ẹ́ńjìnnì họsipáwà 12 ló gbé wọn fò ní December 17, 1903. Langley, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tóun náà ń ṣe bàálù nígbà yẹn, tó gba 50,000 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ní ẹ́ńjìnnì họsipáwà 52, odò Potomac ló já sí, ẹ̀ẹ̀mejì!

Torí náà, kẹ́ ẹ tó mú sípánà, ẹ lọ bá páìlọ́ọ̀tì kó tó kúrò níbẹ̀. Imú bàálù wà lókè àbí nísàlẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀? Ó ti ń fa agbára wálẹ̀ àbí ó ń fi kún un? Ṣé èéfín jáde, àwọ̀ wo ni? Ṣé ó kọ́kọ́ húkọ́ kó tó kú, àbí ó kú lẹ́ẹ̀kan náà? Kápútẹ́nì míì á máa wo aago, á ní ṣebí òun ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ bẹ̀ ẹ́, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹyọ kan ló kù", kẹ́ ẹ sì bi í léèrè èéfín yẹn.