Ó tó fún ohun tí wọ́n ṣe é fún

Kétu ní ilẹ̀ Benin, Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀ ti ṣú

Ọ̀rọ̀ kan wọ etí mi lónìí, kò sì tíì jáde. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Èmi àti àbúrò mi ará Lyon ní ilẹ̀ Faransé la jọ ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, bàbá òyìnbó kan kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó wo ohun tí àbúrò mi ń fi hàn mí, ó sì sọ ọ́ ní Faransé pé, “Ó tó fún ohun tí wọ́n ṣe é fún.” Ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ìbọn ló ń sọ.

Iṣẹ́ òní: mo parí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun, wọ́n mú iná lọ láti ọ̀sán. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀.

Àbúrò mi wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sí àmì. Ó ti wá ra ìbọn báyìí. Berthier 07/15 ni, ìbọn ogun àtijọ́ tí àwọn Faransé gbà ní 1915, èyí tí èèyàn ń fọwọ́ fa ọ̀pá irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí ọta mìíràn tó wọlé. Kò rà á nítorí pé ó dára ju àwọn yòókù lọ. Nítorí Bàbá Àgbà wa tó ṣe sójà Faransé ló fi rà á. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1907, tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ 07/15, àwọn tirailleur, ìyẹn àwọn sójà ará Áfíríkà tí Faransé kó jọ, ni wọ́n dìídì ṣe é fún, orúkọ wọn wà nínú orúkọ rẹ̀. Ní 1940 tí ìbọn tuntun MAS-36 ti jáde, àwọn ìbọn àtijọ́, Lebel àti Berthier, ló ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n kó lọ sógun. Bàbá Àgbà máa ń sọ pé ìbọn òun gùn, ó sì ń gba ọta mẹ́ta péré. Ọta mẹ́ta ni 07/15 ń gbà. Ohun tí àbúrò mi gbé lé ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó ta ọta márùn-ún ní 100 mítà. Ó gbé pátákó àmì sún mọ́ ojú fóònù, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, gbogbo ihò márààrún sì wọ abẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó yọwọ́ kúrò. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i bó ṣe fọ́n ká!” Ojú rẹ̀ ti fà ro. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń lo ìbọn òde òní tó ní awò lórí, ihò tirẹ̀ sì ń wọnú ara wọn. Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá yẹn kọjá.

Bàbá yẹn ò parọ́. Ibi tó ti ń dùn mí nìyẹn. Ká ní irọ́ ni, ǹ bá ti gbàgbé ẹ̀.

Mínútì ni àwọn tó ń yìnbọn sí àmì fi ń wọn bí ọta ṣe fọ́n ká. Tí wọ́n bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 60, ìdá kan nínú rẹ̀ ni mínútì. Ní 100 mítà ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.9, ní 300 mítà ó di 8.7. Ìbọn ogun àtijọ́ tí inú ọ̀pá rẹ̀ tí ọta ń gbà jáde ò tíì jẹ, tí wọ́n sì fún ní ọta tó bá a mu, mínútì 2 sí 4 ni kí èèyàn máa retí lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ojú irin tí èèyàn ń wò kó tó ta, èyí tí wọ́n ṣe mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. K31 ti àwọn ará Switzerland àti Mauser ti àwọn ará Sweden tó ń lo ọta mílímítà 6.5 sábà máa ń dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tó 2. Mosin-Nagant ti Rọ́ṣíà àti Lee-Enfield ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò ṣeé fọwọ́ sọ̀yà: ọ̀kan á ta á gún régé, èkejì tí wọ́n jọ jáde nílé iṣẹ́ kan náà á máa fọ́n ọta káàkiri. Àtẹ́lẹwọ́ kan ní 100 mítà, mínútì 3 àti díẹ̀ nìyẹn. Fún Berthier tó ti rí ogun, kò burú rárá. Mo sọ ọ́ fún un. Kò gbọ́.

Ó tó. Ó tó fún kí ni?

Nígbà tó pa fóònù, mo gbé tépù lé orí tábìlì iṣẹ́. Mínútì 4 ní 300 mítà, sẹ̀ǹtímítà 35. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sórí pákó tẹkì tí mo ti rẹ́ sílẹ̀, mo fa èkejì síbi 35. Mo dúró, mò ń wò ó. Èmi tí mo ń kan pósí mọ ohun tí ìwọ̀n yẹn jẹ́. Pósí àgbàlagbà, mi ò kan èyí tí ibi èjìká rẹ̀ dín ní 55 rí. Yọ pákó ọ̀tún, yọ pákó òsì, yọ àyè tí à ń fi sílẹ̀ fún aṣọ, àyà ọkùnrin ló kù. Ọta tó fọ́n ká ní 35 ṣì wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn “ó tó” wọn. Nínú ìdíje àgbáyé ti 300 mítà, àárín gbùngbùn tó ń fún èèyàn ní máàkì 10, sẹ̀ǹtímítà 10 ni ìbú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣeré ń wá 10, ẹni tó ń jagun gba 35, ìbọn kan náà sì ni wọ́n fẹ́ kó ṣe méjèèjì.

Mo pa ìlà náà rẹ́. Pákó ẹni ẹlẹ́ni ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ igi díẹ̀, nítorí ibẹ̀ lọ́wọ́ mi ti mọ nǹkan. Igi ìbọn yẹn gùn, láti ìdí títí dé ìtòsí ẹnu, igi kan ṣoṣo, irin sì sùn sínú rẹ̀. Noyer, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní walnut, ni wọ́n sábà ń lò, igi tó dára, ó le, kò sì wúwo jù. Ṣùgbọ́n kò sí igi tí kì í mí. Lákòókò òjò ó ń wú, tí ọyẹ́ bá dé ó ń sún kì. Ilẹ̀kùn tó bọ́ sínú férémù wẹ́rẹ́ ní oṣù kìíní, ẹ lọ tì í ní oṣù kẹfà, ẹ ó rí i. Tí igi ìbọn bá wú, ó ń ti ọ̀pá irin sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí irin bá gbóná lẹ́yìn ọta bíi mélòó kan, òun náà á tún fẹ́ gùn, àwọn ìdè irin tó so ó mọ́ igi ò sì ní gbà fún un. Ọta àkọ́kọ́ á lọ síbì kan, ìkarùn-ún á lọ síbòmíràn. Ìyẹn ò kan ojú àbúrò mi, kò kan ọwọ́ rẹ̀. Ká ní ìbọn yẹn wà níwájú mi ni, ǹ bá mọ ibi tó ń fún un láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ǹ bá fi irin ìgbẹ́gi yọ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀...

Rárá o. Mi ò ní yọ ọ́. Igi tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ta ló ní kí n fi irin kàn án? Àmọ́ ọwọ́ mi ń yún mi ṣá.

Ohun tó kù, irin ló ni ín. Ohun tó ń tanná ní ìdí ọta ogun àtijọ́ máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá, iyọ̀ ń fa omi, tí sójà ò bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, ó ti dógùn-ún. Ọ̀pá tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ láti ẹnu láti fi nù ún, òun náà ń jẹ ẹnu ìbọn díẹ̀díẹ̀, ẹnu yẹn sì ni ohun ìkẹyìn tó ń fọwọ́ kan ọta kó tó lọ. Ìbọn tí sójà onítọ̀hún ń nù tọkàntọkàn ní gbogbo alẹ́ lè jẹ́ òun gan-an ni ẹnu rẹ̀ ti jẹ jù. Ìyẹn ṣe mí láàánú ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Àbúrò mi tún ń ráhùn pé ọta òun ń lọ sókè. Wọn ò ṣe ojú ìbọn ogun fún 100 mítà ni. Gewehr 98 ti Jámánì, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, 400 mítà ni ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀. Àwọn ọdẹ tiwa tó ń gbé ṣakabùlà, wọ́n á sún mọ́ ẹran títí wọ́n á fi rí ojú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ń ta ibi tí wọn ò ti ní rí ojú ẹnikẹ́ni.

Mo tún padà síbẹ̀. Ó tó.

Bóyá mò ń fi ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ṣe ohun tí kì í ṣe. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ tu ọmọ náà nínú ni. Ó rí ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn, ó ní kó má dá ìbọn lẹ́bi. Èmi náà ohun tí mò ń sọ fún un látàárọ̀ nìyẹn, kí ló dé tí tèmi ò dùn mí létí?

Ẹ tún wo èyí. 1886 ni Faransé gba Lebel, ìbọn ogun àkọ́kọ́ tó ń lo ẹ̀tù tí kì í rú èéfín tó pọ̀. 1886 yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì wọ ìlú yìí, wọ́n fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ. Ní 1892, Lebel ló wà lọ́wọ́ àwọn sójà tí Dodds, ọ̀gágun Faransé, kó lọ bá Béhanzin ọba Dàhọ̀mì jà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn tí wọ́n kó lọ tó padà wá tún ìlú kọ́. Tí kò bá sí ìbọn yẹn, bóyá ibòmíràn ni ǹ bá ti máa kan ilẹ̀kùn. Nítorí náà kí ni kí n wí? Mi ò lè bú ìbọn. Mi ò sì lè yìn ín. Nígbà tó ṣe, ó padà wá mú àwọn ọmọ wa lọ sí ogun tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn tó bọ̀ nínú wọn ńkọ́? Òfin kan jáde ní ìparí 1959, wọ́n di owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà ilẹ̀ tó ń gba òmìnira mọ́ ojú kan. Ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó jẹ́ ọmọ Faransé ń gòkè, tiwọn dúró síbi tó wà. 2007 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un dọ́gba. Bàbá Àgbà ti lọ nígbà yẹn. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ẹnìkan ló jókòó sórí àga níbì kan tó ní iye yẹn tó fún wọn. Ẹni tó ń sọ pé nǹkan tó, kì í ṣe òun ló máa lò ó.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Orí ń fọ́ mi, iná ò sì tíì dé.

Ọmọ yẹn ò ní sùn tí mi ò bá dá a lóhùn. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i: kó kọ́kọ́ wá lẹ́tà N lára irin. Ní 1932 wọ́n mú ọta tuntun kan wá tó sanra díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, wọ́n tún inú àwọn ìbọn náà gbẹ́ kí wọ́n lè gbà á, wọ́n sì lu N sára èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Kó mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́ kó tó tún ra ọta. Kó gbé e fún ẹni tó mọ̀ nípa ìbọn níbẹ̀ kó yẹ inú ọ̀pá àti ẹnu rẹ̀ wò. Tí kò bá ti sí ọta nínú rẹ̀, kó ki bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí àárín igi àti irin, kó fà á bọ̀, ibi tí bébà bá ti há, kó ya fọ́tò rẹ̀. Kó má fi sáńpépà kàn án, kó má fi ọ̀bẹ kàn án. Kó dúró fún ìbọn náà kó tutù láàárín ọta kan sí èkejì. Kó sì fi iṣẹ́ ẹni tó ní awò sílẹ̀, kó máa fi tòní wé tàná lórí pátákó tirẹ̀.

Ó ti kà á. Ó dáhùn pé, “Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ rò pé Bàbá Àgbà mọ̀ ọ́n ta?” Mi ò tíì dá a lóhùn. Ìyá wa ló máa mọ ìyẹn, màá bi í tí wọ́n bá ti ọjà dé lọ́la, tí inú wọn bá dùn.