Kọ́kọ́rọ́ ló ń pa ètò gbọ̀ngàn àdúgbò

Ní Adó, ní Ìkéré, ní Ìkọ̀lé, ibi yòówù kí ẹ yà sí ní Èkìtì, ẹ ò ní pẹ́ rí gbọ̀ngàn tí àwọn ará àdúgbò dáwó kọ́: páànù lórí, sìmẹ́ńtì nílẹ̀, àga ike tí wọ́n tò lé ara wọn ní kọ̀rọ̀, àgádágodo ńlá lẹ́nu ọ̀nà. Ìpàdé ẹgbẹ́ onílé lẹ́ẹ̀kan lóṣù àti àsè ìsìnkú ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ wọn ṣe. Bí ẹ bá bèèrè ìdí tí ètò míì kò fi dúró níbẹ̀, wọ́n á ní kò sówó. Ṣùgbọ́n lẹ́sìnnì àwọn ọmọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kò ná wọn ju páálí ṣọ́ọ̀kì kan lọ, síbẹ̀ kò pé oṣù méjì tó fi kú. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ ìnáwó ní Ìlọrin, àwọn ọmọ jókòó sórí àtẹ̀gùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta, kò sẹ́ni tó wá mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló yẹ kó wà. Ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé. Ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń darí ètò. Ẹ̀kẹta, tó ṣe pàtàkì jù, lọ́wọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ gbọ̀ngàn tí kì í sì í rìn jìnnà: ìyá tó ń ta ẹ̀wà níwájú ilé rẹ̀ dára fún un ju ọ̀gá ìjọba tó ń lọ Àbújá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gbé ìwé kékeré kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn: ọjọ́, ẹni tó ṣílẹ̀kùn, aago tó ṣí i, aago tó tì í. Ọjọ́ tí àga mẹ́fà bá dàwátì, ìwé yìí ni kò ní jẹ́ kí ìjà bẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ àgádágodo, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pín kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má dá a dúró de ìpàdé.

Ohun kejì tó ń pa ètò ni ọjọ́ tí wọ́n mú. Ọjà ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yí, nítorí Yorùbá ń ka ọjọ́ ọjà tó lọ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ ti kàlẹ́ńdà jẹ́ ọjọ́ méje. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: bí ẹ bá fi ètò àwọn ìyá sí Ọjọ́rú, ọjọ́ ọjà yóò bọ́ sí Ọjọ́rú lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ọjọ́ 28, kò ní yẹ̀. Ọjọ́ mìíràn tí ẹ bá mú, bákan náà ni. Ti ọjà ìsán, tó ń yí ní ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ, ọjọ́ 56 ni. Nítorí náà, kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú kàlẹ́ńdà ògiri kan, ẹ fi bírò pupa yí àwọn ọjọ́ tí ọjà máa kọ lu ètò, kí ẹ sún ètò ọ̀sẹ̀ yẹn sí ọjọ́ kejì. Àwọn tí kò ṣe èyí ló máa ń sọ pé àwọn obìnrin àdúgbò kò nífẹ̀ẹ́ ìtẹ̀síwájú.

Oko náà ní tirẹ̀. Tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, tí wọ́n ń kọ ebè, ẹ má retí ọkùnrin kankan láàárọ̀. Tó bá sì di ìgbà kíká kòkó, ìrọ̀lẹ́ náà á ṣòro. Òjò fúnra rẹ̀ tún ń dí ètò lọ́wọ́: nínú gbọ̀ngàn tí kò ní sílíìnì, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, kò sí olùkọ́ tí ohùn rẹ̀ lè borí rẹ̀. Iṣẹ́ kíkọ ni kí ẹ ti tọ́jú pamọ́ de irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń gbára lé àgùnbánirọ̀, ẹ rántí pé ọdún kan péré ni wọ́n ń lò. Ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi tọkàntọkàn ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti fi ọmọ àdúgbò kan tì í. Nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta kó lọ, ọmọ àdúgbò ni kó máa kọ́ni, kí àgùnbánirọ̀ jókòó sẹ́yìn máa wò ó.

Nínú gbogbo ètò tí gbọ̀ngàn lè ṣe, wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń ṣe lọ́nà tí kò tọ́ jù. Ẹ̀rọ kan tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá òkè, tábìlì kan, àga mẹ́ta tó ní ẹ̀yìn, nọ́ọ̀sì kan tó ń bójú tó o: ó tán. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ìyá àgbà á gun òkè dé (ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí), á wọlé pẹ̀lú ìmí gulegule, wọ́n á sì wé e mọ́ apá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà tó máa jáde kì í ṣe tirẹ̀, ti òkè tó gùn ni.

Kó jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún ná. Kó tọ̀ bó bá ń gbọ̀n ọ́n, nítorí ìtọ̀ tó kún inú máa ń gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ̀yìn rẹ̀ kó fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì kó tẹ́ sílẹ̀, kó má gbé ọ̀kan lé èkejì. Apá rẹ̀ kó wà lórí tábìlì, kí ibi tí wọ́n wé dọ́gba pẹ̀lú àyà. Apá tó bá rọ̀ sílẹ̀ máa ń mú kí nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má wé e lórí aṣọ. Bí apá bùbá bá fún, ẹ má ká a sókè kó máa há a lápá; kó yọ apá jáde, kí ẹ fi ìborùn bò ó. Ẹni tí apá rẹ̀ bá tóbi nílò ohun ìwépá tó tóbi, torí kékeré á gbé nọ́ńbà sókè, á sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá di aláìsàn.

Lẹ́yìn náà ni èyí tí kò sí nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá: ìkíni. Bí a ṣe ń wọn ìyá lọ́wọ́ ni ẹlòmíì á wọlé, “Ẹ kú ìjókòó o, mà.” Ìyá kò ní í dákẹ́. Á dáhùn, á bèèrè àwọn ọmọ, á bèèrè ẹni tó ṣàìsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ á sì máa gbé gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ máa ń gbé e sókè. Kọ̀rọ̀ ni kí ẹ gbé tábìlì sí, kí ẹni tí wọ́n ń wọ̀n kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, kí ọ̀dọ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà máa kí àwọn tó ń wọlé. Ọ̀dọ́ náà lè sọ fún wọn pé, “Wọ́n ń wọn màmá lọ́wọ́ ni o,” gbogbo èèyàn á sì gbọ́.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Ẹ kọ méjèèjì sórí káàdì rẹ̀ àti sínú ìwé yín. Ẹ má pariwo nọ́ńbà. Káàdì ni kí ẹ nà sí i. Bó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, kó padà wá lọ́jọ́ míì, bó bá sì tún rí bẹ́ẹ̀, kó mú káàdì lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá tó 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá wálẹ̀, kó lọ rí dókítà lọ́jọ́ yẹn. Bí àyà bá ń dùn ún, tí ẹnu ń wọ́, tí apá kan ara kò lágbára, tàbí tí orí ń fọ́ ọ gidigidi, ọkọ̀ ni kí ẹ wá lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lóògùn, ẹ má sì sọ fún ẹni tó ń lo tirẹ̀ pé kó dá a dúró torí pé nọ́ńbà rẹ̀ dára lónìí. Oògùn náà ló mú un dára.

Ọṣẹ olómi ni gbogbo gbọ̀ngàn fẹ́ràn láti kọ́ni. Ohun tí wọ́n kì í sọ ni pé ìwọ̀n tó ń kiri lórí fóònù máa ń bó ni lọ́wọ́. Sulphonic acid (ásíìdì tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ yìí) lítà kan, nǹkan bí gíráàmù 125 sí 130 caustic soda ló ń ká agbára rẹ̀. Àwọn kan á da gíráàmù 250 sí i, wọ́n á tún da soda ash lé e. Ọṣẹ náà á fọ abọ́ mọ́ lóòótọ́, ọwọ́ tí wọ́n fi fọ abọ́ á sì máa bó.

Fún lítà 25: sulphonic lítà kan, caustic soda gíráàmù 130, texapon (èyí tó ń mú kó hó) ìlàjì kílò, nitrosol (ìyẹ̀fun tó ń mú kó ki) gíráàmù 250, àwọ̀ díẹ̀, lọ́fínńdà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìta ni kí ẹ wà, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ààbò ojú. Omi lítà kan ló kọ́kọ́ wọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ike, kí caustic soda tó wọ inú omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ má yí i padà láé. Bí ẹ bá bu omi lé caustic soda lórí, á hó, á ta sí ni lójú. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, torí ó ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ máa wọ́n nitrosol sínú omi tútù lítà 15 bí ẹni ń wọ́n gàrí, kí ẹnìkejì máa rò ó láìdúró. Bí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, á di kókó, kókó yẹn kò sì ní tú mọ́. Ará Èkìtì tí kò gbà kí kókó wà nínú iyán kò yẹ kó gbà á nínú ọṣẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ da sulphonic sínú omi lítà márùn-ún, ẹ rò ó, kí ẹ máa da omi caustic soda sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fi bébà pH, èyí tó ń fi hàn bí ásíìdì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, wò ó. Bó bá dé 7 sí 8, ẹ dúró, kódà bí omi caustic soda bá ṣẹ́kù. Ẹ wá rọra yọ́ texapon sínú omi lítà méjì, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ọn, ẹ da nitrosol lé e, kí àwọ̀ àti lọ́fínńdà tó wọ̀ ọ́. Ẹ fi omi kún un dé lítà 25. Fọ́ọ̀mù á bò ó. Ẹ jẹ́ kó sùn kó tó wọ ìgò. Bí ẹ bá lo formalin kí ọṣẹ má bàa bàjẹ́, ìta ni kí wọ́n ti ṣí i, torí òórùn rẹ̀ ń ta ojú àti imú.

Ẹ má bu caustic soda sínú ìgò omi tàbí ìgò ohun mímu láé. Ọmọdé á gbé e mu. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì, torí bó ṣe jó ọ̀nà ọ̀fun lọ sílẹ̀ ló tún máa jó o bọ̀ sókè. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá ta sí awọ ara tàbí ojú, omi tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú, kó tó di pé ẹ wá ọkọ̀.

Ti lẹ́sìnnì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà tó. Ẹ má da ọmọ JSS pọ̀ mọ́ ti WAEC. Àgbà méjì ni kó máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Bí iná bá lọ, ìta ni jẹnẹrétọ̀ ń wà, kó jìnnà sí fèrèsé, kí èéfín rẹ̀ má wọlé. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín náà tí kì í rùn, ó sì ń pa èèyàn.

Owó ló kù. Ètò kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀: owó tó wọlé, owó tó jáde, ẹni tó gbà á, ẹni tó rí i. Owó ọṣẹ tí wọ́n tà, apá kan rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ra sulphonic àti texapon tuntun, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ èrè. Báńkì kò gbọdọ̀ sanwó láìjẹ́ pé èèyàn méjì fọwọ́ sí i, kí àwọn méjèèjì má sì jẹ́ ará ilé kan náà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ka ojú ìwé náà sókè nínú ìpàdé, kí ẹ tó pín ẹ̀kọ àti àkàrà. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ìṣirò mọ́.