Kí Ló Fà Á? Ohun Tí Ọgbẹ́ Inú Kọ́ Mi

Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń sọ fún èèyàn pé ulcer ń yọ mí lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò yẹ inú mi wò rí. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Aṣọ ni mò ń rán n'Íbàdàn. Bí ọdún bá ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, tí aṣọ ẹbí kún ṣọ́ọ̀bù, a máa ń ránṣọ wọ òru. Ní nǹkan bí aago méjì òru, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, lókè ìdodo, bí ìgbà tí wọ́n fi ata ra ojú egbò. Bí mo bá mu ẹ̀kọ gbígbóná, tàbí mo jẹ búrẹ́dì díẹ̀, á rọlẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún dé.

Gbogbo ohun tí wọ́n ní ó dára ni mo lò. Mo mu oògùn funfun tí à ń mì pọ̀ ká tó mu ún, mo mu mílíìkì, mo mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Mo yọ ata kúrò nínú ọbẹ̀, mo fi ẹ̀wà sílẹ̀, mo fi gàrí sílẹ̀, mo rù débi pé mo tún gbogbo aṣọ mi rán kí ó tó bá mi mu. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó béèrè pé kí ló fà á gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà, ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí kí ẹ tó ra oògùn mìíràn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo yàgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n ń yọ́ sójú títì, ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, òórùn rẹ̀ kò sì jọ òórùn ìgbẹ́ rárá. Mo ní bóyá àmàlà tí mo jẹ lálẹ́ ni. Lọ́sàn-án, mo dìde nídìí ẹ̀rọ, òòyì kọ́ mi, ọmọ iṣẹ́ mi ló gbá mi mú. Nílé ìwòsàn, páìǹtì ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí mi lára. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lókè ìfun, kì í sábà pupa mọ́ nígbà tó bá fi máa jáde nísàlẹ̀, dúdú ló máa ń dà. Lóòótọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn aláboyún ń lò náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó sílé kí ẹ máa dá a rò. Ẹni tó bá yàgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá bá èébì rẹ̀ jáde, kí ó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ara mi balẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi endoscopy, ìyẹn okùn tí wọ́n ń tì gba ọ̀nà ọ̀fun láti wo inú, wò mí. Ẹ̀rù bà mí púpọ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Mọ̀mí, ẹ má fòyà, ẹ ṣáà máa mí." Wọ́n fín oògùn kíkorò sí mi lọ́nà ọ̀fun títí ibẹ̀ fi kú, mo fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n fi ike há mi lẹ́nu kí n má baà deyín mọ́ okùn náà. Okùn dúdú ni, kò ju ìka ọwọ́ lọ ní sísanra, iná àti kámẹ́rà wà lórí rẹ̀. Omi ń dà lójú mi, itọ́ ń dà lẹ́nu mi, àmọ́ kò pẹ́ tó bí mo ṣe rò. Wọ́n rí egbò náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré ló wà, níbi tí àpòlùkú ti ń tú oúnjẹ sí. Dọ́kítà ní irú èyí ló sábà máa ń ta èèyàn nígbà tí inú bá ṣófo. Wọ́n já ẹran bíńtín nínú àpòlùkú mi fún àyẹ̀wò, wọ́n sì bá kòkòrò kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Helicobacter pylori.

Dọ́kítà kò dúró síbẹ̀. Ó ní, "Mà, oògùn wo lẹ tún ń lò?" Mo ní n kò lo nǹkan kan. Ọmọ mi obìnrin ló ṣí báàgì mi, tó mú nylon kékeré kan jáde, irú èyí tí wọ́n ń da oògùn oríṣi mẹ́rin márùn-ún pọ̀ sí. Òun ni mò ń lò fún ẹ̀yìn tó ń dùn mí nítorí ìjókòó pẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ibuprofen wà níbẹ̀, diclofenac náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń pa ìrora lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń dín ohun tí ara fi ń dáàbò bo awọ àpòlùkú àti ìfun kù, ásíìdì á sì ráyè jẹ ẹ́. Kòkòrò yẹn àti irú oògùn wọ̀nyí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbẹ́ inú. Méjèèjì ni èmi ní. N kò ka ti inú nylon yẹn sí oògùn rárá, torí pé kò sí nínú páálí.

Nígbà tí mo délé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń sọ pé àníyàn àti ásíìdì ló ń fà á. Ní 1979, Robin Warren, tó ń yẹ ẹran inú àpòlùkú wò ní ìlú Perth lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, rí kòkòrò tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lójú ibẹ̀. Dọ́kítà Barry Marshall dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1981. Wọ́n gbìyànjú láti mú kòkòrò náà hù nínú àwo, kò hù, torí ọjọ́ méjì péré ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó dà á nù. Lásìkò Ọdún Àjíǹde 1982, ìsinmi gùn, àwo kan wà nílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ìgbà yẹn ló tó hù. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kò gbà. Ní 1984, Marshall fúnra rẹ̀ gbé omi tí kòkòrò náà kún inú rẹ̀ mu. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti ń bì, àyẹ̀wò sì fi hàn pé awọ àpòlùkú rẹ̀ ti wú. Ní 2005 ni wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Ó dùn mí pé ládùúgbò wa, ata la ṣì ń bá wí. Ata lè ta èèyàn nínú, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń dá egbò náà sílẹ̀.

Tí dọ́kítà bá ní tiyín kò tíì gba endoscopy, ẹ béèrè àyẹ̀wò ìgbẹ́ tàbí ti èémí. Ti èémí, wọ́n á fún yín ní èròjà kan mu tó ń jẹ́ urea. Bí kòkòrò náà bá wà nínú yín, á fọ́ ọ, afẹ́fẹ́ tó bá tibẹ̀ jáde á sì hàn nínú èémí tí ẹ bá fẹ́ sínú àpò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kíákíá tí wọ́n sábà ń ṣe fún wa, ohun tí ara fi bá kòkòrò jà ló ń wá, ìyẹn sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Nǹkan kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀: omeprazole àti irú rẹ̀, àwọn oògùn tó ń dín ásíìdì kù, lè fi kòkòrò pamọ́ fún àyẹ̀wò. Ó yẹ kí ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti dá a dúró, kí ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ lo oògùn apakòkòrò gbẹ̀yìn. Ẹ bá dọ́kítà sọ ọ́ ná kí ẹ tó dá ohunkóhun dúró o.

Ọjọ́ 14 ni mo fi lo oògùn, èyí tó ń dín ásíìdì kù pẹ̀lú àwọn apakòkòrò. Ẹnu mi korò bí ẹni lá irin. Nígbà tó di ọjọ́ keje, inú ò ta mí mọ́, ó wá ń ṣe mí bíi kí n fi í sílẹ̀. Ọmọ mi ló ń sàmì sí kàlẹ́ńdà láràárọ̀ títí ó fi pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo padà lọ fún àyẹ̀wò ìgbẹ́, kòkòrò ti tán. Mo pààrọ̀ àga tí mo fi ń ránṣọ.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi tó gbá mi mú lọ́jọ́ náà ní inú ń ta òun lóru. Mo ti ṣọ́ọ̀bù ká lè jọ lọ rí dọ́kítà. Kí a tó wọ mọ́tò, mo ní kó padà sílé lọ mú gbogbo oògùn tó ń lò wá, títí kan èyí tó wà nínú nylon.