Ta ló máa gbé fóònù náà?

Alẹ́ Sátidé, Ìkòròdú. Sí àwa tá a fẹ́ lọ pín káàdì ìpàdé ẹgbẹ́ wa fáwọn awakọ̀ àti agbèrò tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí tàbí oògùn.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ sí aago kan ọ̀sán ló dára jù láti wọ gáréèjì. Èrò Mile 12 àti Kẹtú ti dín kù nígbà yẹn, mọ́tò tò sílẹ̀ ń dúró de ìlà, awakọ̀ àti agbèrò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá aláparaga. Kò sídìí láti bá ìyá náà jà. Ẹ kí i, ẹ fi káàdì méjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n láàárọ̀ títí ife àkọ́kọ́ fi dé ẹnu.

Alága gáréèjì la kọ́kọ́ ń lọ kí, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀, láìmú ọlọ́pàá tàbí kámẹ́rà dání. Méjì-méjì là ń lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ kì í bá wa débẹ̀, torí òórùn paraga nìkan tó láti dá a padà sídìí ẹ̀.

Ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, tó bẹ̀rẹ̀ ní Akron ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935, ti fi í sínú àṣà méjìlá tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1950: kí iṣẹ́ wa fúnra rẹ̀ fa èèyàn mọ́ra, ká má polówó. Òmíràn nínú àṣà méjìlá náà ní ká máa fi owó ara wa gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́. Bí olóṣèlú bá fẹ́ fún wa ní kánópì, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ò sì ní gbà á. Ẹni tó bá rí orúkọ olóyè lára kánópì ìpàdé ò ní gbà mọ́ pé àṣírí òun bò níbẹ̀.

Káàdì náà ò tóbi ju ìdajì bébà owó náírà lọ. Ọjọ́ ìpàdé, aago, àdúgbò, nọ́ńbà ẹgbẹ́, àti gbólóhùn kan: “Ọ̀fẹ́ ni. A kì í béèrè orúkọ.” Kò sí “ọ̀mùtí” níbẹ̀, kò sí àwòrán igbó tàbí hóró oògùn. Ìyàwó tó ń fọ ṣòkòtò lè rí i, tàbí ọ̀gá tó ni mọ́tò. Káàdì tó lè tú èèyàn fó, inú gọ́tà ló máa sùn. Orí pépà tó nípọn ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, torí òógùn ara máa ń mú kí yíǹkì ṣàn lórí pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nọ́ńbà á sì di àbàwọ́n nínú àpò.

Ṣùgbọ́n orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Òru ni ọ̀pọ̀ máa ń pè, nígbà tí ilé ti sùn tí ojú sì ń tì wọ́n. Bó bá dún tí kò sẹ́ni tó gbé e, ó lè má tún dún mọ́. Wákàtí méjì-méjì là ń pín in, èèyàn méjì: ọ̀kan ń gbé e, èkejì wà nílẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.

“Ìgbà wo lẹ mu ún kẹ́yìn?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹni tí ọtí ojoojúmọ́ ti di bárakú fún, tó wá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n láàárín wákàtí 6 sí 24. Gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ 2. Ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíì ò rí ní ọjọ́ 2 sí 4. Irú ìdádúró òjijì bẹ́ẹ̀ lè pa èèyàn. Ẹ má sọ fún un pé kó ṣọkàn akin kó sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Kó mú ẹnìkan dání, kó gba ọsibítù lọ. Ti tramadol àti kodéènì yàtọ̀: ẹni tó ti jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó wá padà lo ìwọ̀n àtijọ́, ara rẹ̀ ò lè gbé e mọ́, èémí lè dúró. A gbọ́dọ̀ sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá pè, láìfi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Kò tíì sẹ́ni tó gba ìpín aago méjìlá sí méjì òru Túsìdé. Káàdì tó yẹ kó lọ sí Ẹbúté lọ́jọ́ Mọ́ńdè ṣì wà nínú páálí, kò sì ní jáde títí ẹnìkan á fi gba ìpín náà.