Iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, apá kẹrin: ta ló sọ fún un pé aago kan òru ni?

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lọ, òórùn sọ́dà tí mo fi ń lẹ wáyà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rò pé mo ti rí ìdí wàhálà iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa yìí, èyí tí mo ṣe kó máa tàn fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ń kọjá. Irọ́ ni. Alẹ́ yìí ni mo tó rí i tán, èmi gan-an ni mo sì fọwọ́ ara mi fà á.

Kí n kó èyí tó ti parí kúrò nílẹ̀. AM312 ti rọ́pò HC-SR501 (àwọn méjèèjì ló ń mọ̀ bí èèyàn bá ń kọjá), iná ò sì ṣàdédé tàn mọ́. WiFi ara D1 mini, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí iná náà, ló ń da HC-SR501 láàmú, bí ẹ̀yin kan ṣe sọ. Strip 12V, okùn iná LED náà, ti wà lára ògiri láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ dé balùwẹ̀.

MOSFET náà, swíìṣì tí D1 mini fi ń ṣí iná fún strip, ti yanjú, àmọ́ owó rẹ̀ ṣì ń dùn mí. IRLZ44N ni mo ní kí kọ́sítọ́mà mi kan l'Álàbà fi ránṣẹ́ sí mi n'Íbàdàn. IRFZ44N ló dé. Lẹ́tà kan péré ló yàtọ̀, àmọ́ 3.3V tó ń jáde lára D1 mini lè ṣí ti L tó fún strip yìí. Ti F ò ní ṣí tán, á kàn máa gbóná bí áyọ́ọ̀nù, strip á máa ṣe bàìbàì. Mo pè é, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan náà ni." Nǹkan kan náà kọ́ o. Ẹ ka ohun tó wà lójú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ó yá, wàhálà ọ̀hún. Ẹ rántí ètò mi: lójú ọ̀sán, ẹni yòówù kó kọjá, kí iná má tàn. Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, kó tàn rekete fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá, fún ìṣẹ́jú-àáyá 45, kí Màmá lè ríran lọ tọ̀ láìjẹ́ pé oorun dá lójú wọn.

Ìgbàkigbà tí mo bá dúró tì í, kò lábùkù. Àfi lálẹ́ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀, tí mo gbọ́ ohùn Màmá: "Àkànní, ṣé iná tó o ṣe yìí ń ṣàìsàn ni?" Mo jáde. Ó ń tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíi ti òru. Màmá gbé abọ́ ọbẹ̀ dání, wọ́n ń fẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò bí ẹni tó fẹ́ sọdá odò.

Mo fura sí MOSFET, mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo fura sí adapter, mo fi míta wò ó, 12V pé. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin, ó tún ṣe é. Ìyàwó mi ló là mí lójú láìmọ̀: "Ṣebí tí Nẹ́pà bá mú iná, tí wọ́n dá a padà, ló máa ń ya wèrè."

Mo gbé láptọ́ọ̀pù sórí àpótí lọ́dẹ̀dẹ̀, mo pa router tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì, mo tún D1 mini tàn. Ohun tó hàn nìyí:

Thu Jan 1 01:00:14 1970

Ọdún 1970! Màmá fúnra wọn ò tíì lọ́kọ. D1 mini ò ní bátìrì tó fi ń rántí aago. Tó bá kú tó jí, ìbẹ̀rẹ̀ 1970 ló ti ń kà. Aago wa sì fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, aago àgbáyé tó ń lò, ló bá di aago kan òru. Lójú tiẹ̀, gbogbo ilé ti sùn. Ó yẹ kó béèrè aago lọ́wọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń béèrè, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nínú setup(), apá kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré tó bá jí, nígbà tí router ṣì ń nu ojú. Èmi ni mo kọ ọ́ pé tí kò bá rí èsì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kó máa báṣẹ́ lọ.

Mo gbé ìbéèrè náà sínú loop(), apá kóòdù tó ń yí po láìdúró, kó máa béèrè léraléra. Ọjọ́ mẹ́ta, ara tù wá. Lánàá, data tán, Nẹ́pà sì mú iná lẹ́ẹ̀mejì. A tún padà sí 1970.

Bí DS3231, aago kékeré tí kì í gbàgbé àkókò bí iná bá lọ, ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ọ̀kan ti wà nínú agolo mílíìkì mi tipẹ́, lára aago kan tí mo pa tì. Ó ní bátìrì tirẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ ò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ́dún. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ZS-042, bọ́ọ̀dù DS3231 tó kún ìta yẹn: ó máa ń ṣáàjì bátìrì inú rẹ̀, LIR2032, tó ṣeé ṣáàjì, ni wọ́n sì ṣe é fún. Tẹ́ ẹ bá fi CR2032, tí kò ṣeé ṣáàjì, sí i lórí 5V, bátìrì náà lè wú. Mo fi áyọ́ọ̀nù sọ́dà jó resistor kékeré tí wọ́n kọ 201 sí kúrò, èyí tí iná ń gbà dé bátìrì, ó ta pẹ́ẹ́, ó wọnú kápẹ́ẹ̀tì. Mi ò tíì rí i títí di báyìí.

Bí mo ṣe ń kọ ibi tí mo dé yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé LDR, ohun tó ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ mọ́ tàbí ó ṣú, ti wà lórí bọ́ọ̀dù láti apá kejì, tí mi ò lò ó. Bí ọdún bá kéré sí 2024, kí kóòdù má gba aago gbọ́ rárá: bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kó tàn rekete. Ìlà mẹ́ta péré! Màá ṣì fi DS3231 sílẹ̀, LDR á wà fún ọjọ́ tí bátìrì bá kú. Àmọ́ ìgbà tí strip bá wà ní pípa nìkan ni kó máa ka LDR, kó má lọ fi ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ pe ojúmọ́.

Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ, wọ́n kọjá bọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú-àáyá 45, ó pé rẹ́gí. Mo ní, "Màmá, ó ti dáa báyìí, àbí?" Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ ojú àwọn ló ń tàn sí, ẹsẹ̀ làwọn sì fẹ́ rí.

Mo ti ń ṣí strip náà kúrò, kí n lọ fi sí ìsàlẹ̀ ògiri. Ọ̀dà ti bá a wá níbi méjì.