Fíìmù Kékeré Láti Tuvalu

Lálẹ́ àná, èmi àti àbúrò mi wo àwọn fíìmù kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ Tuvalu, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, fi fóònù wọn yà nípa ìyípadà ojú-ọjọ́. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 11,000, ibi tí ó sì ga jù lọ ní ilẹ̀ wọn kò fi mítà 5 ga ju ojú òkun lọ. Èyí tí ó mú mi lọ́kàn jù ni ti kòtò pulaka, ohun ọ̀gbìn kan tí ó bá kókò wa tan, tí wọ́n ń gbìn sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ kan omi dídùn abẹ́ ilẹ̀. Bí òkun bá ti kún, omi iyọ̀ a jò wọlé láti ìsàlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ a sì jẹrà. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó yà á kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, ó kàn ń tẹ̀lé ọwọ́ ìyá àgbà kan bí ó ti ń hú u. Lójú tèmi, èyí lágbára ju fídíò ọdún 2021 lọ, nínú èyí tí mínísítà wọn nígbà náà, Simon Kofe, ti dúró sínú òkun bá COP26, ìpàdé àgbáyé lórí ojú-ọjọ́, sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi bèèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni ó ń ya ti Ayétòrò?” Mo ní àwọn oníròyìn ń lọ síbẹ̀ láti ya àwọn ilé tí òkun ń gbé lọ ní Ìlàjẹ. Ó ní àwọn ọmọ ìlú gan-an ni òun ń bèèrè. A pe ìbátan wa kan níbẹ̀. Ó ní kámẹ́rà fóònù òun dára, owó dátà ni kò sí.