Ohun tí kò ní ojú ọgbẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ́ọ̀dù àwọn tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu, ẹ kú àbọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ Rezum tọ́jú pròsítéètì bàbá kan, ẹran tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, tó máa ń dí ìtọ̀ bó bá wú. Irin kan gba ojú ihò ìtọ̀ wọlé, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín yọ lára rẹ̀, ó fẹ́ ooru omi sínú ẹran pròsítéètì fún ìṣẹ́jú àáyá 9, wọ́n ṣí i lọ sí ibòmíràn. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí ojú ọgbẹ́. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ọ ṣáájú ohunkóhun. Inú mi dùn sí i, mo wá bi í pé, "Kí ni wọ́n fi sí bàbá náà lára kó tó lọ sílé?" Ó dákẹ́. Rọ́bà ìtọ̀ ni. Ibi tí ooru bá kàn á kọ́kọ́ wú, ìtọ̀ ò ní ríbi gbà, rọ́bà á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún tí mo jáde ilé-ìwé ìṣègùn, wọ́n pè mí lóru sí bàbá kan tí kò rí ìtọ̀ tọ̀ láti àárọ̀. Ìsàlẹ̀ ìdodo rẹ̀ wú, ó le bí awọ ìlù. Mo ti rọ́bà nọ́ńbà 16 sí i. (Nọ́ńbà yẹn, ẹ pín in sí ọ̀nà 3, ẹ ó mọ iye mìlímítà tí rọ́bà fẹ̀.) Ó wọlé wẹ́rẹ́, ó wá dúró. Mo rò pé ó ti dé inú àpò ìtọ̀, mo mú sírìnjì, mo fi omi fẹ́ bálúùnù orí rọ́bà, èyí tí kì í jẹ́ kí rọ́bà yọ kúrò nínú àpò ìtọ̀. Bàbá náà figbe ta. Ẹ̀jẹ̀ ló jáde, ìtọ̀ kọ́. Pròsítéètì ló dá rọ́bà dúró, èmi sì ti fẹ́ bálúùnù sínú ọ̀nà ìtọ̀ tí kò fẹ̀ ju ìka lọ. Abẹ́ ìdodo ni ọ̀gá mi gbà fi rọ́bà mìíràn sí i lóru ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, àpá dí ọ̀nà ìtọ̀ náà, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀, nítorí ìkánjú mi.

Ẹ ti rọ́bà wọlé títí dé ibi tí ìdí rẹ̀ ti yà sí méjì, kẹ́ ẹ sì fojú ara yín rí ìtọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sírìnjì. Bí ìtọ̀ ò bá jáde, ẹ má fẹ́ ẹ. Omi tí kò ní kòkòrò ni kẹ́ ẹ sì fi fẹ́ ẹ, kì í ṣe omi iyọ̀ dírípù, torí iyọ̀ lè dì sínú ihò tóóró tó lọ sínú bálúùnù, omi inú bálúùnù ò sì ní jáde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́.

Ní tíátà, níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ kejì. Wáyà oníná la fi ń ha pròsítéètì láti inú, omi á sì máa ṣàn kí ojú lè ríran. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti àtijọ́, a ò lè lo omi iyọ̀, torí iyọ̀ ń gbé iná kiri. Omi glycine, tí kò ní iyọ̀, la ń lò. Bí wáyà ṣe ń gé ẹran ló ń ṣí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀, omi á wá máa gba ibẹ̀ wọ inú ara, á máa bu omi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, títí ọpọlọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìdí nìyí tí a kì í fi í fẹ́ kọjá wákàtí kan.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, kò sùn, ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì nípa kòkó rẹ̀. Ó wá yán. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?" Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. Ó tún bi í. Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀sì ní, "Dókítà, ìbéèrè kan náà ni bàbá ń bi mí o." Ohun tó ń bẹ lójú ẹ̀rọ kò tíì yí padà. Ọ̀gá wa dí ojú ẹ̀jẹ̀ kíákíá, ó dá iṣẹ́ dúró, ó ní kí wọ́n lọ wo iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ti wálẹ̀ gan-an. Bàbá yè é. Nọ́ọ̀sì tó fetí sílẹ̀ ló gbà á là. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tuntun tó ń lo omi iyọ̀, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n omi púpọ̀ ṣì lè rọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni stent, rọ́bà tín-ín-rín tí à ń fi sáàárín kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ lẹ́yìn tí a bá yọ òkúta kíndìnrín, tí orí rẹ̀ méjèèjì ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Ó yẹ ká yọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ìyá oníṣòwò kan gbé e kiri fún ọdún méjì. Nínú àwòrán ẹksiréè, òkúta ti bo orí méjèèjì, ó dà bí ọ̀pá tí wọ́n kì bọ inú sìmẹ́ǹtì. Mo ní, "Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò padà wá?" Ó ní, "Wọ́n ní àwọn ti yọ òkúta náà. Mo rò pé ó ti parí." Kò sí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀ tí yóò máa rán an létí. Iṣẹ́ abẹ mẹ́ta ló gbà wá ká tó rí i yọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní rẹ́jísítà tèmi. Mo máa ń kọ ọjọ́ tí a fi í sí i àti ọjọ́ tí a ó yọ ọ́, mo sì máa ń gba nọ́ńbà méjì: ti aláìsàn, àti ti ọmọ tó ń sanwó. Kí wọ́n tó lọ sílé, màá ní kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé rọ́bà ṣì wà nínú òun. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, èmi fúnra mi ni mo máa ń pè. Lọ́jọ́ Ajé, mo pe èèyàn mẹ́rin. Ẹnì kan kò gbé e. Màá tún pè é lọ́la.